Lífítì Wọlé, Ilẹ̀ Jẹ Owó

Àdúgbò wa ní Òkè-Báálẹ̀, l'Óṣogbo, ti gbà pé mo ti ṣí ilé mẹkáníìkì. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lójú títì ń bi mí pé ìgbà wo ni màá gbé pátákó síta. Àgbàlagbà kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wo òpó irin méjèèjì tó dúró sínú gáréèjì mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti fún Ògún ní ajá tirẹ̀. Kò sí pátákó, kò sí ajá. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ọkọ̀ méjì ló wà nílé, Corolla tèmi àti Sienna ìyá àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ràn kí n máa fọwọ́ ara mi ṣe ohun tí mo bá lè ṣe lára wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dùbúlẹ̀ lórí páálí lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yìn mi ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra lífítì, ẹ̀rọ tó ń gbé odindi ọkọ̀ sókè kí èèyàn lè dúró ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti béèrè pátákó tán, owó ló kàn. Èló ni wọ́n ń tà á? Mo máa ń sọ fún wọn pé irin náà ní iye tirẹ̀, iye ọ̀hún sì ń yí bí dọ́là ṣe ń yí, àmọ́ irin kọ́ ló gbẹ́ àpò mi. Ilẹ̀ ni. Kò tíì sí ẹni tó dá dúró bi mí léèrè nípa ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi gbẹ́ kòtò. Kòtò ni àwọn bàbá wa mọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́: wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á wa ọkọ̀ gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta, ibi tó bá rẹlẹ̀ ni omi ń wá, ẹni tó ní kòtò ti di ẹni tó ní kànga. Ohun tó tún burú ju omi lọ ni epo bẹntiróòlù. Oru tó ń jáde lára rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, kì í fò lọ. Ilẹ̀ ló ń tọ̀, kó tó lọ kóra jọ sínú kòtò níbi tí ẹnìkan dúró sí. Gílóòbù kan tó bá fọ́ níbẹ̀ ti tó.

Jáàkì ńkọ́? Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀, kò wà fún dídi ọkọ̀ mú lórí ẹ̀dá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la sì ń rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì àti búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì. Búlọ́ọ̀kù ń gbé ògiri nítorí pé ẹrù ògiri tàn káàkiri orí rẹ̀. Tí etí irin kan bá tẹ̀ ẹ́ lójú kan ṣoṣo, ó lè fọ́ yángá láìkọ́kọ́ sán. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí yọ ọ̀gá mẹkáníìkì mi lẹ́nu títí, ó ní òun ti ń ṣe é láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ṣẹ́. Èmi náà ti ń ṣe é láti ìgbà yẹn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Lífítì pé oríṣi. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ gùn. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ to ọkọ̀ kan lórí èkejì, àmọ́ orí táyà ni ọkọ̀ dúró sí, ẹni tó bá fẹ́ tú búrékì tún gbọ́dọ̀ wá jáàkì sí i. Èyí tó ń ṣí bí àlùmágàjí wà, kò wá òrùlé gíga, ṣùgbọ́n ara irin rẹ̀ máa ń dí àárín abẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo mú: òpó kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, apá méjì-méjì lára òpó kọ̀ọ̀kan tó ń na wọ abẹ́ ọkọ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bọ́ lómìnira, abẹ́ á ṣófo.

Ọgbọ́n náà ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní nǹkan bí 1925 ni Peter Lunati, ará Memphis ní Amẹ́ríkà, gbé lífítì ọkọ̀ tó ń lo ọ́ílì jáde. Wọ́n ní àga onígbàjámọ̀ ló là á lójú. Ẹni tó bá ti jókòó sórí irú àga yẹn rí mọ̀ pé ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ tẹ bàbá rẹ̀ gòkè. Ọ́ílì kì í gbà kí wọ́n fún òun pọ̀. Tí a bá fi agbára kékeré tì í lójú tóóró, á gbé ẹrù ńlá ní ojú tó fẹ̀, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gbé e.

Síbẹ̀, ọ́ílì kọ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí mo bá wà nísàlẹ̀. Inú òpó kọ̀ọ̀kan ni irin eléyín wà. Bí apá ṣe ń gòkè ni ìdè ń bọ́ sórí eyín kan tẹ̀lé òmíràn, ẹ ó máa gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀. Tí ọkọ̀ bá ga tó bí mo ṣe fẹ́, mo máa ń dá a padà díẹ̀ títí tí ọ̀tún àti òsì yóò fi jókòó sórí eyín. Láti ìgbà náà, irin ló gbé irin. Bí rọ́bà ọ́ílì bá bẹ́, aṣọ ni yóò bà jẹ́.

Irin gbé irin, kí ló wá gbé gbogbo rẹ̀? Ibí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wọlé.

Sienna ń sún mọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Ẹ pín in sí méjì: tọ́ọ̀nù kan ló ń tẹ òpó kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan kò ní da ilẹ̀ tó dára láàmú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹrù náà kò sí lórí òpó gan-an. Ẹnu apá tó na jáde ló wà. Nítorí bẹ́ẹ̀, òpó méjèèjì máa ń fẹ́ tẹ̀ síra wọn, bí àgbàlagbà méjì tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Bóòtù, irin tó de ẹsẹ̀ wọn mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn, ló ń dá wọn dúró. Bóòtù ọ̀hún ń fà sókè, kọnkéré sì ni ó dì mú. Tí kọnkéré bá tínrín tàbí tó jẹ́ oníyanrìn, bóòtù á fà yọ pẹ̀lú ìṣù kọnkéré lẹ́nu rẹ̀, ọkọ̀ á sì tẹ̀ lé e.

Ìwé tó máa ń bá irú lífítì yìí wá sábà máa ń béèrè kọnkéré tó nípọn tó ínṣì mẹ́rin ó kéré tán, tí agbára rẹ̀ tó 3,000 psi (ìwúwo pọ́n-ùn lórí ínṣì kan níbùú-lóròó). Òmíràn ń béèrè ínṣì mẹ́fà. Wọ́n á ní kí bóòtù jìnnà sí etí kọnkéré àti sí ojú ibi tó ti là. Wọ́n á ní kí kọnkéré tuntun pé ọjọ́ 28 kí ẹnikẹ́ni tó lu ihò sí i. Ẹ wá wo bí a ṣe ń kọ́lé níbí. Bírikìlà á kún ìpìlẹ̀ dé òkè, á gún un mọ́lẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, á wá da jámánì fúlóò, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé, lé e. Kò sí àléébù nínú ìyẹn fún yàrá. Bẹ́ẹ̀dì àti àga ni yóò gbé. Mo ní kí wọ́n bá mi lu igun kan nínú gáréèjì kí n lè fojú rí i. Ibì kan tó ínṣì mẹ́ta, ibòmíràn kò tó, yẹ̀pẹ̀ pupa tó rọ̀ ló wà lábẹ́. Bírikìlà tí mo pè tẹjú mọ́ ihò náà. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ilẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ èèyàn ni wọ́n dà á fún."

A kò hú gbogbo rẹ̀. A gé ọ̀nà kan láti ògiri dé ògiri, tó gba abẹ́ ibi tí òpó méjèèjì máa dúró sí, a sì gbẹ́ ẹ jìn ju bí ìwé ṣe sọ lọ. A gún ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi ń dún, a hun irin sí i, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí kọnkéré. Ọ̀kan-méjì-mẹ́rin ni bírikìlà mọ̀ láti kékeré: sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn méjì, gíránáítì mẹ́rin. Èyí tí wọ́n bá pò dáadáa nínú rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 15 N/mm², òṣùwọ̀n agbára míì. 3,000 psi tí ìwé béèrè sì lé ní 20 lórí òṣùwọ̀n yẹn. Mo ní kí yanrìn jẹ́ ọ̀kan ààbọ̀, kí gíránáítì jẹ́ mẹ́ta. Tí a bá ka àpò sìmẹ́ńtì kan sí hẹ́ẹ̀dìpáànù méjì, ìyẹn jẹ́ yanrìn mẹ́ta àti gíránáítì mẹ́fà. Ó ṣírò iye àpò tí ìyẹn máa jẹ, ó ní owó ni mò ń dà sílẹ̀ yìí o. Òótọ́ ló sọ.

Lórí omi la ti fẹ́ ja ìjà gidi. Ọmọ iṣẹ́ tó ń pò ó fẹ́ kó ṣàn, torí pé èyí tó bá ń ṣàn rọrùn láti tẹ́. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń pa agbára kọnkéré bí àpọ̀jù omi. Mo gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó tì í. Àmọ́ nígbà tí kọnkéré ti le tán, omi di ọ̀rẹ́: mo fi àpò bò ó, mò ń bu omi kànga wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí sìmẹ́ńtì kì í lágbára nípa gbígbẹ, omi ló fi ń gan. Ìyá àwọn ọmọ yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá wọn, kí lẹ gbìn síbẹ̀?"

Òrùlé náà ní ìtàn tirẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ ilé yìí, ó sì ní bọ́ọ̀sì akérò nígbà ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gáréèjì fi fẹ̀ tó mítà mẹ́rin; mítà mẹ́ta tó wọ́pọ̀ kò ní gba òpó àti ọkọ̀ pọ̀. Oríire kejì ni pé kò sí lábẹ́ dẹ́kìn, páànù ló bò ó. Ẹni tí gáréèjì rẹ̀ bá wà lábẹ́ dẹ́kìn, kó yáa gba èyí tó kúrú, tàbí kó kọ́ ahéré síta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: Corolla ga tó bíi mítà kan ààbọ̀. Kí èèyàn tó lè dúró gangan lábẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gòkè tó 1.8 mítà. Ìyẹn ti di 3.3. Sienna ga ju Corolla lọ, òun á dé 3.55. Àjà tí ìyá mi ní kí wọ́n kàn sí gáréèjì láti máa kó ìkòkò òde sí jẹ́ mítà mẹ́ta péré.

A tú àjà. Àwọn igi ìdábùú ló yọ sójú, mo sì fi ọwọ́ júwe fún káfíńtà pé kó gé méjì tó wà láàárín. Káfíńtà gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn igi yẹn ló di ògiri méjèèjì mú. Tí òun bá gé wọn, ìwúwo páànù àti atẹ́gùn á máa ti ògiri síta, ìjì àkọ́rọ̀ òjò kan ni gbogbo rẹ̀ máa fi wọlẹ̀. Ó tún àárín òrùlé dì lọ́nà míì, tí ìdábùú fi gùn sókè láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó pàdé lókè. Owó tún jáde. Èmi sì mú lífítì oníbèbè, èyí tí kò ní irin tó dá òpó méjèèjì pọ̀ lókè. Òpó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 2.8 mítà lọ, ilẹ̀ ni okùn wáyà àti rọ́bà ọ́ílì rẹ̀ ń gbà kọjá lábẹ́ pẹrẹsẹ irin kan. Ó ń kọ́ni lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára òpó, ibẹ̀ ni Sienna gbọ́dọ̀ dúró, torí pé kò sí irin òkè tó máa pa ẹ̀rọ kí ọkọ̀ tó kan páànù.

N kò ní fi rírà rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Tokunbo ni, ó ti Èkó gba ọ̀nà Gbọ̀ngán wọlé lórí ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi ṣéènì gbé òpó dúró. Òpó kan kò dúró ṣánṣán, ó fẹ́ irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín lábẹ́ ẹsẹ̀. Òṣogbo kò tíì gbàgbé irin: ilé iṣẹ́ Steel Rolling wà níbí, ilé iṣẹ́ Machine Tools tó ti wà láti 1980 wà níbí, ariwo wọn ìbáà tilẹ̀ ti rọlẹ̀. Ọkùnrin tó gé irin yẹn fún mi ti ṣiṣẹ́ rí ní Machine Tools. Kò lo tépù. Ó fi ọwọ́ pa á, ó ní ó tó, ó sì tó.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò irú èyí fetí sí. Ìlú wa yìí ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná gbogbo Nàìjíríà tọ̀sán-tòru. Àlejò tó bá gbọ́ á rò pé iná kì í lọ níbí. Ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ílì jẹ́ 2.2 kW, ó ń lo fólítì 220. Nígbà tó bá fẹ́ gbéra, iná tó ń fà jẹ́ ìlọ́po mélòó kan ohun tó ń fà nígbà tó bá ti ń sáré. Tí iná bá wá tí gílóòbù kàn pọ́n réré, ẹ má fọwọ́ kàn án; á kàn máa kùn lójú kan, wáyà inú rẹ̀ á máa gbóná títí á fi jó. Mo so mítà kékeré kan mọ́ ògiri. Tí kò bá ti tó fólítì 200, mo yáa lọ ka ìwé.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta tokunbo kì í sọ. Iná Amẹ́ríkà ń yí ní 60 Hz (ìgbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa ń yí ní 50. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún tiwọn nìkan, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀ ni yóò máa sá, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ara pátákó kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Tí iná bá wá lọ nígbà tí ọkọ̀ ti jókòó sórí eyín, ọkọ̀ náà di ará òkè. Sísọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ iná, ìwúwo ọkọ̀ ló ń ti ọ́ílì padà sínú àgbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìdè tó lè yẹ̀ kúrò lórí eyín, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè díẹ̀, òkè ló sì fẹ́ iná. Bẹ́ẹ̀ ni Sienna ṣe sùn lókè mọ́jú ọjọ́ tí ìyá àwọn ọmọ fẹ́ lọ síbi ìkómọ ní Ẹdẹ. Jẹnẹrétọ̀ tí a ní nígbà náà ni "I better pass my neighbour" tí agbára rẹ̀ kò tó 1 kW. Ó kọ́ mi pé kò sí ẹni tí ó kọjá. Ìyàwó mi wọ aṣọ tán, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ lókè, ó wò mí, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ Corolla wá. Kò sọ ohun mìíràn títí ó fi dé. Jẹnẹrétọ̀ ńlá wọlé lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ tokunbo, tó sì wá láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́, kó kọ́kọ́ yẹ etí abẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn á sì jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ láti inú wá. Lókè, ọ̀dà á máa dán. Ibi tí ó yẹ kí apá lífítì gbá mú wà lẹ́bàá etí, lẹ́yìn táyà iwájú àti níwájú táyà ẹ̀yìn; bí ibẹ̀ bá ti jẹrà, rọ́bà apá á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Iwájú ló wúwo jù nínú irú ọkọ̀ tí èmi ń lò, torí ẹ́ńjìnnì àti giápọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Mo máa ń gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, màá fi gbogbo ara mì í, kí n tó jẹ́ kó lọ sókè. Tí a bá sì fẹ́ sọ giápọ́ọ̀sì kalẹ̀, a ó kọ́kọ́ fi irin gíga ti ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹrù máa wò sí bí iwájú bá ti fúyẹ́.

Aládùúgbò kan ní bọ́ọ̀sì Hiace olórí gíga, kò dákẹ́ lórí pé kí n bá òun gbé e. Mo ti fi ẹ̀rí hàn án: bọ́ọ̀sì náà ga ju mítà méjì lọ, tí ó bá gòkè tó bó ṣe fẹ́, á gbé páànù ilé mi kúrò. Ó ní kí n gbé e dé ìdajì. N kò gbé e. Lífítì náà lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́rin, ẹ̀rù irin kọ́ ló ń bà mí. N kò mọ ohun tó ti jẹ abẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀, òun náà kò mọ̀, àwọn ọmọ sì pọ̀ ní kọ́ńpáùnù wa.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi kọ́kọ́ kọ̀ láti dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ orí búlọ́ọ̀kù láti kékeré ló ní òun kò lè dúró sábẹ́ irin tí òun kò mọ̀ ọ́n. Mo mú un wo eyín inú òpó, mo mú un wo bóòtù, mo sọ iye sìmẹ́ńtì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa fún un. Ìyẹn ló gbà gbọ́. Ó wọlé, ó nàró, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, ó ń rìn yí ká abẹ́ Corolla láìtẹ orí ba. Ó fi ọwọ́ kan sọ́ọ̀kì, ó fi ọwọ́ kan saléńsà, ó dé ibi bùṣì ẹ̀yìn, rọ́bà onírin kan báyìí, tí òun fúnra rẹ̀ gba owó mi lé lórí lọ́dún tó kọjá pé òun ti pààrọ̀. Bùṣì náà ti là, ìpẹtà rẹ̀ sì dàgbà ju ọdún kan lọ dáadáa. Èmi náà gbé tọ́ọ̀ṣì tèmi síbẹ̀.

Ó ní ọmọ iṣẹ́ òun ni. Ó ní ẹ jẹ́ ká tún un ṣe ní Sátidé, òun kò ní gba owó iṣẹ́. Mo ní kó pè mí kó tó gbéra, kí n kọ́kọ́ wo mítà iná.